Ọ̀rọ̀ Tí Rùmáísà Kò Sọ

“Ìwé tó máa purọ́ fún mi, wọn ò tíì ṣe bébà rẹ̀,” ni Mẹ́tìrì Ìbíyẹmí wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá dọ́síà tó wà lórí tábìlì bí ẹni ń na ewúrẹ́ tó wọlé jẹ iṣu. “Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ṣe agbẹjọ́rò ní Parakou yìí. Irọ́ inú ìwé, imú mi á ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ojú mi tó dé ibẹ̀. Ìtẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, ayédèrú ni. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, Àlájà. Kó tó di ọ̀la, ọlọ́pàá á ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.”

Àlájà Mùfúlíátù, tó ń ta àǹkárá ní ọjà Arzèkè, gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúà fún un, ó sì lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọlọ́pàá tẹ Mẹ́tìrì láago. Ìtẹ̀ka náà kì í ṣe ayédèrú. Àtàǹpàkò ọ̀tún Rùmáísà, ọmọ Àlájà, ni. Kò sí àdàkọ, kò sí màgòmágó.

Mẹ́tìrì gbé fóònù kalẹ̀. Ó wo dọ́síà náà. Dọ́síà náà ń wò ó.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, Rùmáísà bí ọmọkùnrin kan, Mùzàmmílù, ní kílíníìkì aládàáni kan nílùú. Ara ọmọ le. Ìyá rẹ̀ ni ibà mú ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ikùn wú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, kò dá ẹni tó bí i mọ̀ mọ́. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, àwọn yẹn sì gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ilé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n yọ kí wọ́n tó rí ẹ̀mí náà gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò ní bímọ mọ́.

Àlájà ní ibi ọmọ ni kò jáde tán, pé apá kan rẹ̀ kù sínú, ó sì jẹrà. Mẹ́tìrì ṣe ohun tí agbẹjọ́rò ń ṣe. Ó kọ̀wé pé kí kílíníìkì fún òun ní ẹ̀dà dọ́síà aláìsàn. Wọn ò dá a lóhùn. Ó tún kọ. Ní ìgbà kẹta, ó fi orúkọ adájọ́ há ìparí lẹ́tà náà, dọ́síà sì fò jáde. Ó fi ránṣẹ́ sí dókítà àgbà kan ní Kútọnu pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Dókítà yẹn kà á tán, ó ní: “Ó jọ ibi ọmọ tó kù sínú. Ṣùgbọ́n ìwé ojú ewé kẹsàn-án yìí kò jẹ́ kí n lè fọwọ́ sọ̀yà.”

Ojú ewé kẹsàn-án. Níbẹ̀, ní èdè Faransé, Rùmáísà jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé òun mu àgbo tí àbúrò ọkọ òun gbé wá nínú fílásìkì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Dárasími ló kọ ọ́. Ìka Rùmáísà wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìwé yìí kan náà ti dé ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ní àdúgbò Zongo. Ìyá náà sì ti sọ̀rọ̀: obìnrin tó mu àgbo pamọ́ títí tó fi ba ilé ọmọ ara rẹ̀ jẹ́ kò ní tẹ ilé òun mọ́. Mùzàmmílù ti lè jẹ ògì báyìí, kí wọ́n já a lẹ́nu ọmú, kí wọ́n gbé e wá. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ẹbí méjèèjì máa jókòó. Láti ìgbà tí Rùmáísà ti gbọ́, kò gbé ọmọ náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi bí ó bá fẹ́ kírun.

*

Mẹ́tìrì gun sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Zongo lọ́sàn-án Àlàrùbá. Ràyhánátù, àbúrò ọkọ, ń ta lọ́fíńdà àti ìbòrí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan.

“Ṣé o lọ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ní kílíníìkì?”

“Mo lọ.”

“O gbé fílásìkì dání?”

“Mẹ́tìrì, ta ló ń lọ kí abiyamọ lọ́wọ́ òfo?”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Kókó. Kókó bàbà. Mo fi ata sí i, mo fi atalẹ̀ sí i.”

“Ta ló rí i?”

“Ìyàwó wa ló mu ún. Àfi kí ẹ lọ bi ikùn rẹ̀ léèrè.”

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ó fi ìbòrí bo ẹnu. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Láti ọjọ́ tí ìwé yẹn ti dé, bí mo bá se oúnjẹ nílé wa, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Màmá wa kì í pè mí lólóògùn. Wọ́n kàn máa ń ní àwọn ti yó.”

Mẹ́tìrì padà sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Albarika, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ìtẹ̀ka, òótọ́. Fílásìkì, òótọ́. Irọ́ tó bá yá ẹsẹ̀ òótọ́ lò, òun ló ń yára dé ọjà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ohun tó wà nínú fílásìkì, ìyẹn sì ti gba ọ̀nà ọ̀fun lọ láti oṣù mẹ́wàá.

*

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ó ní kí gbogbo wọn wá. Àlájà jókòó sí iwájú. Rùmáísà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Nọ́fíù, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Zongo, wà lẹ́yìn wọn, ó di fìlà rẹ̀ mú. Nọ́fíù kò ṣá aya rẹ̀ tì, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ìpàdé tí kò bá wọn wá. Ó kàn jẹ́ pé kì í sọ̀rọ̀ ni.

“Rùmáísà, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́,” ni Mẹ́tìrì wí. “Ọlọ́pàá ti jẹ́rìí sí i.”

“Èmi ni. Mi ò sẹ́. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè fún mi ní oògùn.”

“O ò bi wọ́n pé kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Mẹ́tìrì, ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀ bóyá òrùn ló yọ tàbí òṣùpá. Kódà kí n mọ̀, ṣé mo gbọ́ Faransé ni?”

“Ṣùgbọ́n o ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ báyìí.”

“Wọ́n ní ó wà níbẹ̀ pé mo mu àgbo.”

“Ta ló kà á sí ọ létí?”

Rùmáísà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo Mẹ́tìrì. Nọ́fíù wo inú fìlà.

“Kò sẹ́ni tó kà á sí mi létí,” ni Rùmáísà wí.

Mẹ́tìrì ti ka ojú ewé náà nígbà mọ́kànlá. Ó ti kà á sí ọlọ́pàá létí, ó ti kà á sí dókítà àgbà létí lórí fóònù. Ó ṣí dọ́síà wéré kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì.

“‘Èmi, Rùmáísà, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé ní ọjọ́ kejì tí mo bímọ, Ràyhánátù gbé àgbo wá fún mi nínú fílásìkì…’”

“Ta ni?”

“Ràyhánátù.”

“Ẹ tún un kà.”

“‘Ràyhánátù gbé àgbo wá…’”

“Astagfirulahi!” Rùmáísà fa ọmọ mọ́ra bí ẹni pé wọ́n bú òun. “Èmi kọ́ nìyẹn. Èmi? Kí n la ẹnu, kí n pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ? Ẹni tí mo bá nínú ilé! Ọjọ́ tí mo wọ ilé wọn ni mo ti sọ wọ́n ní Eyínfúnjowó. Bí mo bá wà lórí ẹní àdúà, tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún wọn, Eyínfúnjowó ni mò ń pè wọ́n, Ọlọ́run sì mọ ẹni tí mò ń wí.”

“Mo kọ́ ọmọ mi!” ni Àlájà ké. “Mo kọ́ ọ!”

Mẹ́tìrì rọra gbé ìwé náà kalẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nílé ọkọ, Akọ̀wé ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà ní Ṣábẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àga. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìbọn sí i létí pé kó pe orúkọ ọkùnrin yẹn, ó máa kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ìgbà mọ́kànlá ló kà á, ní Faransé. Nínú Faransé, orúkọ kì í kọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ó yí i sí Yorùbá lẹ́ẹ̀kan péré, irọ́ sì dìde jókòó.

“Ó dáa,” ló wí, agbára ti padà sí ohùn rẹ̀. “Nọ́ọ̀sì ló hun ọ̀rọ̀ yìí. Ibo ló ti rí orúkọ? Kílíníìkì ní ìwé kan lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń kọ orúkọ àlejò sí. Ibẹ̀ ló ti mú un. Ọ̀la, ìwé tiwọn náà ni màá fi dè wọ́n. Gbogbo wa la jọ ń lọ.”

Nọ́fíù ní ẹrù òun ń bọ̀ láti Màláńfíìlì lọ́la.

“Ẹrù á dúró,” ni Mẹ́tìrì wí.

*

Dókítà Adétọ́lá, tó ni kílíníìkì náà, gbà wọ́n pẹ̀lú ohùn tó rọ̀ bí òwú. Ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá. Ó fọwọ́ kan Mùzàmmílù lórí.

“Mẹ́tìrì, àwa àti ẹ̀yin kì í ṣe ọ̀tá. Ohun tí aláìsàn sọ la kọ.”

“Ẹni tó kọ ọ́ ni mo fẹ́ rí.”

Nọ́ọ̀sì Dárasími wọlé. Ọmọ Ìdàáṣà ni, ó tó ẹni ogójì ọdún, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

“Ṣé ìwọ lo kọ èyí?”

“Èmi ni, Mẹ́tìrì.”

“O ò fi tìrẹ kún un?”

“Bí ó ṣe jáde lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́.”

“Orúkọ Ràyhánátù náà jáde lẹ́nu?”

“Ó jáde.”

“Dárasími, ṣé o ní ọkọ?”

“Mo ní.”

“Ọkọ rẹ ní àbúrò obìnrin?”

“Méjì.”

“Kí lò ń pe èyí àgbà?”

Nọ́ọ̀sì la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó ti rí ibi tí ọ̀nà náà ń lọ. “Ìbàdíàrán,” ló wí, ó wolẹ̀.

“Èyí àbúrò ńkọ́?”

“Arẹwà.”

“Ìwọ tí o mọ ìwé, tí o gbé ẹ̀rọ ìgbọ́kàn kọ́ ọrùn, tí o ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, o ò lè pè wọ́n lórúkọ níwájú mi. Ọmọ Àlájà wá pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, pẹ̀lú ibà lára?” Mẹ́tìrì yí sí dókítà. “Ìwé àlejò ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wá.”

Wọ́n gbé e wá. Mẹ́tìrì ṣí i fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá ọjọ́ náà, ó gbé ìka lé e. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: *Àbúrò ọkọ, obìnrin kan, fílásìkì kan.*

Kò sí orúkọ.

Ó ṣí ewé kan síwájú. Ó ṣí méjì sẹ́yìn. Kò sí Ràyhánátù níbì kankan.

Dókítà Adétọ́lá gbé omi tútù sún mọ́ ọn. “Mẹ́tìrì, ó dà bí ẹni pé oòrùn àárọ̀ yìí mú díẹ̀.”

Mẹ́tìrì kò mu omi. Ó ń rò ó. Rùmáísà kò pe orúkọ náà. Ìwé ẹnu ọ̀nà kò ní in. Dókítà kò mọ Ràyhánátù rí. Àlájà, tirẹ̀, “àna mi” ló ń wí. Síbẹ̀ nọ́ọ̀sì ní ó jáde lẹ́nu, ojú rẹ̀ kò sì jọ ojú ẹni tó ń purọ́. Ẹnu ta ni ó lè ti jáde ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀, láìsí oyè, láìsí ìnagijẹ? Ẹnu ẹni tó bí i, tàbí ẹni tó ṣájú rẹ̀ dé inú ilé.

“Àlájà,” ló bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “ní ọjọ́ karùn-ún, ibo lẹ wà?”

“Mo lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e.”

“Ta lẹ fi sílẹ̀ tì í?”

 Orí Àlájà ti ń yí díẹ̀díẹ̀ sí àga ẹ̀yìn.

Nọ́fíù ti dìde dúró kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

“Èmi ni,” ló wí. “Dókítà bi mí pé kí ló mu. Mo ní mi ò mọ̀. Ó tún bi mí, mo tún ní mi ò mọ̀. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ọkùnrin tó ní aya, tí kò mọ nǹkan kan nípa aya rẹ̀, níwájú dókítà. Mo wá rántí fílásìkì. Mo ní bóyá Ràyhánátù ló gbé àgbo wá. Mo rò pé bí wọ́n bá rí ohun tó fà á, wọ́n á tètè rí oògùn rẹ̀.”

“Bóyá?” ni Mẹ́tìrì wí.

“Bóyá ni mo sọ. Mo fi Kùránì búra.”

Mẹ́tìrì gbé ojú ewé kẹsàn-án sókè síwájú nọ́ọ̀sì. “Fi ìka hàn mí níbi tí ‘bóyá’ wà.”

Dárasími wo dókítà rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. “Mo kọ ọ́,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Dókítà ní kí n yọ ọ́. Wọ́n ní bóyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ dọ́síà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí ẹni pé aláìsàn ló sọ ọ́, nítorí òun lọ̀rọ̀ kàn.” Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ti gbé ẹrù dé ibi tí kò lè gbé e kọjá mọ́: “Mo sọ fún wọn ní ọjọ́ kejì pé ara rẹ̀ gbóná. Mo sọ ní ọjọ́ kẹta. Mo sọ ní ọjọ́ kẹrin. Kò sẹ́ni tó wo ibi ọmọ yẹn bóyá ó pé. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn gbé e dà nù kí ilẹ̀ tó mọ́.”

 Àlájà yíjú sí àna rẹ̀.

“Nọ́fíù. Oṣù mẹ́wàá. O ń wá jẹun nílé mi!”

“Ìyá mi ti gba ìwé náà gbọ́, Àlájà. Mo ń wá ọjọ́ tí màá sọ ọ́.”

“Ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ ló gba iwájú rẹ kọjá! Ìwọ ò rí ẹyọ kan mú?”

Nọ́fíù kúnlẹ̀. Kì í ṣe síwájú Àlájà. Síwájú aya rẹ̀ ni. Rùmáísà kò wò ó. Ọmọ ń fa etí ìbòrí rẹ̀, ó ń tú u kúrò lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ tún ń mú un.

Mẹ́tìrì kò fi àkókò ṣòfò. “Dókítà, ọ̀nà méjì ló wà. Kí nọ́ọ̀sì yín tún ohun tó sọ yìí sọ níwájú adájọ́, kí ẹ̀yin máa wò ó. Tàbí kí ẹ kọ ọ́ fúnra yín báyìí, kí adájọ́ lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ẹjọ́ kò ní tìtorí ìyẹn dúró. Ṣùgbọ́n ìwé yìí gbọ́dọ̀ dé Zongo kó tó di ọjọ́ Àìkú.”

Ohùn òwú ti tán lẹ́nu dókítà. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mẹ́tìrì ń pe ọ̀rọ̀ fún un, dókítà ń tẹ̀ ẹ́: pé Rùmáísà kò sọ ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹsàn-án, pé kò sí ẹ̀rí àgbo kankan, pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jábọ̀ ibà tí dókítà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó yẹ ibi ọmọ wò. Ẹ̀rọ pọ ìwé náà jáde, ó gbóná. Dókítà buwọ́ lù ú. Ó gbé òǹtẹ̀ lé e.

Inú ọ́fíìsì náà wá yí padà bìrí. Àlájà ń ké Alihamudulilai, omijé ń dà lójú rẹ̀. Nọ́fíù ń sọ pé òun fúnra òun ni yóò gbé ìwé yìí lé ìyá òun lọ́wọ́, pé òun yóò sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ẹbí, pé Mùzàmmílù kò ní kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Dókítà ń ṣàlàyé fún ògiri pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mẹ́tìrì tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní irú ìwé báyìí, òun kò mọ̀ bóyá agbẹjọ́rò kan ti gbà á lọ́wọ́ kílíníìkì rí ní gbogbo apá àríwá.

Nọ́ọ̀sì Dárasími rọra gbé ìwé náà síwájú Rùmáísà, pẹ̀lú agolo tàdáwà kékeré. “Ẹ tẹ ìka síbí, Ìyá Mùzàmmílù. Pé ẹ ti gbà á.”

Gbogbo wọn yíjú sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń dúró.

Rùmáísà gbé ọmọ sí apá kejì. Ó wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yí i sí ojú.

“Faransé ni,” ló wí.